Ibi Tí Ohùn Dé Ni Ajíṣẹ́ Ń Dúró

Ibi tí ohùn dé ni ajíṣẹ́ ń dúró. Bí ẹ bá dé àdúgbò Òkè-Ìrókò ní Iléṣà, tí ẹ sì jókòó ti àwọn àgbà ibẹ̀ fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn lè fi jẹ iyán kó sì bu omi mu, ó ṣòro kí ẹ má gbọ́ òwe yìí lẹ́nu ọ̀kan nínú wọn. Ẹlòmíràn á tilẹ̀ pa ìdajì rẹ̀, á wá dákẹ́, á máa wo ojú yín, kí ẹ̀yin fúnra yín lè parí rẹ̀ pé: bó bá kọjá ibẹ̀, iṣẹ́ wo ni yóò jẹ́? Ṣé ẹ mọ gbòǹgbò rẹ̀? Àwọn kan ní láyé ogun ló ti ṣẹ̀ wá, pé àwọn alóre tó ń ṣọ́ odi ìlú ló dá a sílẹ̀. Wọn ò rí i sọ ni. Òwe náà kò gbó tó bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó kọ́kọ́ pa á ṣì wà láyé, eyín rẹ̀ ṣì ń fọ́ ẹ̀pà. Ẹni tó sì fi ọgbọ́n inú òwe náà hàn án, etí rẹ̀ kò gbọ́ ohùn kankan láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ni Dúrójayé. Ibà líle kan ló gba etí rẹ̀ ní kékeré, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé ohun tí ibà náà mú kúrò létí, ọwọ́ ló kó o sí. Àga tí Dúrójayé bá kàn, ọmọ ọmọ ẹni á jókòó lórí rẹ̀. Ó lo ọdún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn adití, níbi tó ti kọ́ bí a ṣe ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀. Nígbà tó padà wálé, ó fi èdè náà kọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Yèyé Mopélọ́lá, ó sì wá fi kọ́ ìyàwó rẹ̀ nígbà tó gbéyàwó. Ìyàwó náà ti di olóògbé báyìí. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí fún un ni Ìbídùnní, ọmọ tó fi ọwọ́ bèèrè omi kó tó fi ẹnu pè é. Ìbídùnní yìí ló dàgbà tó di olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, òun sì ni ìtàn yìí kàn jù.

Ohun kan wà tó ti ń dun Dúrójayé láti ọjọ́ tó ti gba ìyọ̀ǹda iṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n mú ọmọ wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta náà ni àwọn òbí padà wá mú ọmọ wọn lọ kí oṣù tó yí. "Báwo ni adití ṣe máa kọ́ ọmọ níṣẹ́?" ni wọ́n ń wí. Dúrójayé kò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń ka ẹnu wọn. Ó sì ń padà sídìí igi rẹ̀, kò ní bá ẹnikẹ́ni jà.

Lọ́jọ́ kan, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn adití kan ní ìpínlẹ̀ mìíràn kọ̀wé sí i lórí fóònù. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọ wọn ní iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, wọ́n sì ti rí àwòrán àwọn àga rẹ̀. Ìbídùnní ka ìwé náà, ó ń fi ọwọ́ túmọ̀ rẹ̀ fún un. Àwọn mẹ́ta fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ lórí fídíò lọ́jọ́ Ẹtì, ní aago mẹ́wàá àárọ̀. "A fẹ́ rí yín lẹ́nu iṣẹ́," ni wọ́n kọ, "nínú ṣọ́ọ̀bù yín, pẹ̀lú irinṣẹ́ yín lọ́wọ́."

Lílọ sọ́dọ̀ wọn kò ṣeé ṣe fún Dúrójayé lákòókò náà. Àkàbà ti gbé e ṣubú níbi tó ti ń kan àjà ilé kan, pópù funfun tí wọ́n fi di egungun tó ṣẹ́ gba ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé itan, ọ̀pá méjì lábẹ́ abíyá ló sì fi ń rìn. Fídíò náà nìkan ló kù.

Dúrójayé kọjú sí ọmọ rẹ̀. Ó wá gbé ọwọ́ sókè, ó rọra sọ̀rọ̀.

"Ogójì ọdún ni mo ti ń retí ìwé yìí," ni ó fi ọwọ́ wí.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ìbídùnní lákínyẹmí ara. Ó dá bàbá rẹ̀ lóhùn pé, "Bàámi, fídíò yẹn máa dé ṣọ́ọ̀bù yín, bó bá tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ni mo máa fi fà á débẹ̀."

Ìlérí rọrùn, ilé náà ni kò rọrùn. Ilé gígùn ni. Pálọ̀ ló wà níwájú, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì tí Ìbídùnní fi ń ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé rẹ̀ wà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan jáde láti pálọ̀, ó gba ẹnu yàrá mẹ́rin kọjá, ó já sí àgbàlá. Lẹ́yìn àgbàlá ni ilé ìdáná alámọ̀ tí baba ńlá wọn mọ wà, ògiri rẹ̀ nípọn tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Lẹ́yìn ilé ìdáná gan-an ni ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n fi páànù yí po láti òkè dé ilẹ̀, àfi fèrèsé ńlá kan tó kọjú sí igun ilé ìdáná. Wáífáì inú pálọ̀ kì í kọjá yàrá kejì. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì fóònù kò ṣeé gbára lé nítorí àpáta tó yí àdúgbò ká; fídíò á ṣí, á dúró, á tún fò. Ẹni tó ń gbọ́ràn lè máa ṣa ọ̀rọ̀ jọ nínú irú ìpè bẹ́ẹ̀. Ti adití kò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ tó bá dúró lójú fídíò, ọ̀rọ̀ tó já ni.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ìbídùnní ti ilé-ìwé dé pẹ̀lú páálí kan lápá. Ohun tí wọ́n ń pè ní mẹ́ẹ̀ṣì ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ funfun mẹ́ta tí kò ga ju agolo mílíìkì lọ. Ọkùnrin tó tà á fún un ti ṣàlàyé rẹ̀ ní ṣókí. Àkọ́kọ́ á gba ọ̀rọ̀ lára ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì inú pálọ̀, á fi ohùn tó lágbára ju ti ẹ̀rọ yẹn lọ sọ fún èkejì, èkejì á sọ fún ẹ̀kẹta, báyìí ni wáífáì yóò ṣe máa rìn nínú ilé títí yóò fi kárí. Iná kékeré kan wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bó bá jẹ́ àwọ̀ ewé, ara ẹ̀rọ náà dá. Bó bá pọ́n bí ọsàn, ó ń gbọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bó bá pupa, kò gbọ́ nǹkan kan.

Yèyé Mopélọ́lá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bó ẹ̀pà, ó ń wò ó. "Ọjọ́ wo ni àwọn èèyàn náà dá?" ni ó bèèrè.

"Ọjọ́ Ẹtì ni, Yèyé."

"Ọjọ́ Ẹtì kẹ̀? Wọn ò rí ọjọ́ mìíràn dá?" Ó ju ẹ̀pà kan sẹ́nu. "Ó dáa. Kò ní tì."

Ìbídùnní fi ẹ̀rọ kìn-ín-ní sí pálọ̀, ó gbé èkejì lọ sí yàrá bàbá rẹ̀ ní àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé ẹ̀kẹta lọ tààrà sí ṣọ́ọ̀bù, ó gbé e ka orí tábìlì tí bàbá rẹ̀ ti ń fági. Pupa ni iná rẹ̀. Ó pa á, ó tún un tàn. Pupa. Ó yí i sí sọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn, ó gbé e sókè lórí pákó, ó gbé e sílẹ̀. Pupa náà ni. Ó sáré lọ wo ti yàrá, pupa nìyẹn náà. Ó bínú débi pé ó fẹ́ẹ̀ kó wọn padà sínú páálí, ṣùgbọ́n ó rántí ogójì ọdún, ó mí kanlẹ̀, ó pe ọkùnrin tó tà á.

"Àǹtí, ẹ ti pín wọn káàkiri kí wọ́n tó mọ ara wọn," ni ọkùnrin náà wí. "Ẹ kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sójú kan ná. Ẹ jẹ́ kí wọ́n so pọ̀ níbẹ̀, kí ẹ tó wá gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ sáyè rẹ̀."

Ó kó wọn padà sí pálọ̀, ó tò wọ́n sórí tábìlì kan náà, ó tẹ ohun tí wọ́n ní kó tẹ̀ lórí fóònù, ó sì jókòó tì wọ́n bí ẹni ń ṣọ́ ẹyin tó fẹ́ pa. Nígbà tó ṣe, iná mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di àwọ̀ ewé. Ìbídùnní pariwo ayọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Yèyé fi da ẹ̀pà nù. Ó gbé èkejì padà sí yàrá bàbá rẹ̀, ó gbé ẹ̀kẹta, ó sáré gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó la àgbàlá kọjá, ó dé ṣọ́ọ̀bù, ó tì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rọ náà ṣẹ́jú fún ìgbà díẹ̀.

Ó pupa.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ní gbogbo ọ̀sán Ọjọ́rú pẹ̀lú. Ó tilẹ̀ gbé ẹ̀rọ náà kọ́ sójú fèrèsé, ó tún gbé e lọ sí ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀bù níbi tí wọ́n ń to pákó ọ̀gánwó sí. Ní gbogbo ìgbà yìí, ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn rẹ̀: inú ṣọ́ọ̀bù la ti fẹ́ wáífáì, inú ṣọ́ọ̀bù ni ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ wà. Nígbà tó tún tẹ̀ ẹ́ tí ó tún pupa, ó jókòó sórí ìtì igi kan, ó fi ọwọ́ lérán.

Bàbá rẹ̀ ti ń wò ó láti ẹ̀yìn tábìlì. Ìbídùnní rí i pé èjìká bàbá rẹ̀ ń mì. Ẹ̀rín ló ń rín.

"Kí ló pa yín lẹ́rìn-ín?" ni Ìbídùnní fi ọwọ́ bèèrè, ọwọ́ náà le díẹ̀. "Ọ̀la ni Ọjọ́bọ̀ o!"

"Ṣàlàyé fún mi," ni Dúrójayé dáhùn. "Kí ni iṣẹ́ ẹ̀rọ yìí gan-an?"

Ìbídùnní tún un ṣàlàyé pẹ̀lú sùúrù tó kù fún un. Ẹ̀rọ náà ń gbọ́ lọ́dọ̀ ẹnì kejì, ó ń sọ fún ẹni tó kù. Ajíṣẹ́ ni.

Dúrójayé na ìka sí i láyà. "Ìwọ nìyẹn. Ṣé o ti gbàgbé ni? Nígbà tó o wà lọ́mọ ọdún márùn-ún, Yèyé á wà ní pálọ̀, á fẹ́ pè mí wá jẹun. Bó bá ké títí di ọ̀la, mi ò ní gbọ́. Ìwọ ló máa ń rán. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní kó o lọ dúró dè é, pé bí oúnjẹ bá ti jinná òun á pariwo, kí ìwọ sì sọ fún mi. O wá síbí, o dúró tì mí gẹ́gẹ́ báyìí, o ń retí kí ó pè."

Ìbídùnní ń wo ọwọ́ bàbá rẹ̀.

"Yèyé pè, kò rẹ́ni. Ó tún pè. Níbi tó o dúró sí, páànù àti ògiri ilé ìdáná kò jẹ́ kí ohùn rẹ̀ dé etí rẹ, ayùn mi sì tún ń ké pẹ̀lú. Ìwọ tó ò ń gbọ́ràn wá di adití bíi tèmi. Nígbà tí Yèyé máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, iyán ti gan. Ó nà ọ́. Lọ́jọ́ kejì, o ò wọ inú ṣọ́ọ̀bù mọ́. O lọ wá ibì kan dúró."

"Níbo?" ni Ìbídùnní bèèrè, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti ń rántí kó tó bèèrè tán.

Dúrójayé kó ọ̀pá rẹ̀ sábẹ́ abíyá, ó jáde. Ó ń fò lórí ẹsẹ̀ kan, ọmọ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú ẹ̀rọ lọ́wọ́, títí wọ́n fi dé igun ilé ìdáná níta, níbi tí ọlọ àtijọ́ kan rì sílẹ̀ dé ìdajì. Ó fi ọ̀pá gbá ọlọ náà. Ìbídùnní gun orí rẹ̀, ó dúró. Bó bá wo ọwọ́ òsì, ó ń rí àgbàlá, ó sì ń rí ẹnu ọ̀dẹ̀dẹ̀ tààrà, ohun kankan kò dínà. Bó bá wo ọwọ́ ọ̀tún, ó ń rí fèrèsé ṣọ́ọ̀bù, ó sì ń rí tábìlì bàbá rẹ̀ nínú.

"Yèyé!" ni ó ké.

"Kí ló dé o?" ni ohùn Yèyé Mopélọ́lá dáhùn láti inú lọ́hùn-ún, ó dún ketekete.

Ìbídùnní kò ní sùúrù láti ṣàlàyé. Ó fa wáyà gígùn kan jáde láti ilé ìdáná, ó gbé ẹ̀rọ kẹta lé orí ọlọ, ó tàn án. Ó ṣẹ́jú, ó ṣẹ́jú, ó wá pọ́n bí ọsàn. Kò tíì dá, ṣùgbọ́n ó ti ń gbọ́. Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí kò pupa láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

"Bí èyí bá ń gbọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́," ni ó wí fún ara rẹ̀, "á jẹ́ pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sí i ni ohùn rẹ̀ kò jáde." Ó wọlé lọ wo ẹ̀rọ kejì. Ẹ̀yìn fíríìjì inú yàrá bàbá rẹ̀ ló fi í sí, láàárín fíríìjì àti táǹkì omi tí wọ́n fi ń gba omi ẹ̀rọ sílẹ̀. Irin lọ́tùn-ún, omi lósì. Ó yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, ó gbé e lọ sí yàrá kẹrin, yàrá tó kẹ́yìn ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé e sójú fèrèsé tó kọjú sí àgbàlá. Ó tàn, àwọ̀ ewé. Kó tó rìn dé àgbàlá, ó ti rí bàbá rẹ̀ lórí ọ̀pá méjèèjì, ó gbé ọwọ́ kan sókè, ó ń na ìka sí ọlọ. Iná tó wà lórí ọlọ náà ti di àwọ̀ ewé.

Wọ́n gbé fóònù wọ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n gbé e ka iwájú fèrèsé. Ìbídùnní pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lórí fídíò. Àwòrán náà mọ́ gaara, kò fò, kò dúró. Dúrójayé sún mọ́ fóònù náà, ó mi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá rẹ̀ níwájú rẹ̀ kíákíá, ó sì rí i pé ọ̀rẹ́ ọmọ rẹ̀ lè ka gbogbo wọn.

Ní Ọjọ́bọ̀, Dúrójayé fi ọ̀gánwó kan àpótí kékeré tó ní òrùlé, kò fi ìṣó kan ṣoṣo sí i, ó gbẹ́ ihò sí i lára kí ooru lè jáde, ó sì kàn án mọ́ igun ilé ìdáná lókè ọlọ, kí òjò àti èéfín má bàa ba ẹ̀rọ jẹ́. Ìbídùnní gba ààyè ọjọ́ kan lọ́dọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé rẹ̀. Wọ́n sùn pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀.

Ní aago mẹ́wàá ọjọ́ Ẹtì, àwọn mẹ́ta yọ lójú fóònù. Ìyáàfin Ògúnmọ́dẹdé, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà, adití lòun náà. Ọwọ́ rẹ̀ yára bí ọwọ́ ẹni ń hun apẹ̀rẹ̀. Àwọn ọkùnrin méjì tó wà pẹ̀lú rẹ̀ ń gbọ́ràn, ṣùgbọ́n èdè ọwọ́ kò yọ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà Ìbídùnní jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti máa fi ẹnu túmọ̀ fún wọn. Wọ́n bèèrè nípa igi, nípa irinṣẹ́, nípa ọdún tó ti lò lẹ́nu iṣẹ́. Ó dáhùn gbogbo rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà wá bèèrè èyí tó le. "Àwọn ọmọ kan máa ń dé ọ̀dọ̀ wa," ni ó wí, "wọn ò gbọ́ràn, wọn ò sì tíì mọ èdè ọwọ́. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn nílé. Báwo lẹ ṣe máa kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ níṣẹ́?"

Ìbídùnní túmọ̀ rẹ̀. Ìbéèrè àwọn òbí àtijọ́ ló tún padà wá yìí, aṣọ ló kàn pààrọ̀. Dúrójayé kò dáhùn pẹ̀lú ọwọ́. Ó mú ìfági rẹ̀, ó fi í fá pákó kan láti òpin dé òpin, ó mú èérún igi tó jáde, ó gbé e sókè síwájú fóònù. Ó fẹ́lẹ́ débi pé ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá.

Àwòrán àwọn èèyàn náà gan sójú kan.

Ìbídùnní dìde. Ó yọ jáde láti inú ṣọ́ọ̀bù, ó wo àpótí tó wà lókè ọlọ: pupa. Ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ báyìí pé ẹni tó pupa kọ́ ló ń jẹ̀bi nígbà gbogbo. Ó la àgbàlá kọjá, ó wo ojú fèrèsé yàrá kẹrin: pupa nìyẹn náà. Á jẹ́ pé iwájú ni wàhálà wà. Ó ń tọ ọ̀nà náà padà bí ẹni ń tọ ipasẹ̀ ewúrẹ́, ó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì bá ilẹ̀kùn irin tó wà láàárín pálọ̀ àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní títì gbọn-in. Ilẹ̀kùn tó máa ń wà ní ṣíṣí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀!

Ó gbá a ṣí. Yèyé Mopélọ́lá wà lódì kejì pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

"Ewúrẹ́ ni o!" ni Yèyé wí. "Méjì ló fẹ́ gba ibí wọlé lọ jẹ iṣu. Mo ní kí n ti ilẹ̀kùn kí wọ́n má bàa dí yín lọ́wọ́."

"Yèyé mi, irin ni. Kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tì í mọ́."

Yèyé wo ilẹ̀kùn náà, ó wo ọmọ náà lójú. Ó fa àpótí ìjókòó kan, ó gbé e sáàárín ẹnu ọ̀nà, ó jókòó lé e, ó sì gbé ìgbálẹ̀ lé itan. "Lọ bá bàbá rẹ," ni ó wí. "Ewúrẹ́ tó bá fẹ́ kọjá níbí lónìí, èmi ni yóò kọ́kọ́ jẹ."

Ìbídùnní sáré padà. Ó bá bàbá rẹ̀ níbi tó fi í sílẹ̀ sí, lórí ẹsẹ̀ kan, apá rẹ̀ ṣì wà lókè pẹ̀lú èérún igi yẹn. Apá náà ti ń gbọ̀n. Kò sọ ọ́ kalẹ̀. Ó sọ lẹ́yìn náà pé òun ti pinnu pé apá náà kò ní wálẹ̀ títí wọn yóò fi rí ohun tó wà lọ́wọ́ òun. Àwòrán fò lẹ́ẹ̀kan, ó sì mọ́. Àwọn mẹ́ta náà tún wà níwájú wọn, wọ́n ń wo ọwọ́ rẹ̀.

Dúrójayé wá mọ̀ọ́mọ̀ fi ìfági ṣe pákó náà báṣubàṣu. Èérún tó nípọn, tó ya, ló jáde. Ó gbé èyí sọ́wọ́ òsì, ó gbé ti àkọ́kọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún, ó na méjèèjì síwájú fóònù, ó sì gbé ìpéǹpéjú sókè sí ọkùnrin tó bèèrè ọ̀rọ̀ náà. Kò sọ nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó túmọ̀ nǹkan kan. Ọkùnrin náà na ìka sí ti ọwọ́ ọ̀tún.

Dúrójayé tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Ó wá fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, Ìbídùnní sì fi ẹnu túmọ̀ rẹ̀: "Ó ní ẹ ti kọ́ ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́."

Ìyáàfin Ògúnmọ́dẹdé gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń mì wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀, bí àwọn adití ṣe máa ń pàtẹ́wọ́. Àwọn ọkùnrin méjì náà ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ̀ lé e. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ìwé dé pé kó wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bí pópù bá ti kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì yẹn gan-an ni òwe náà jáde. Lámídì, bíríkìlà àdúgbò wọn, wá kí wọn, ó rí àpótí kékeré lára ilé ìdáná, ó ní kí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún òun. Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé tán, ó mi orí. "Ṣebí inú ṣọ́ọ̀bù lẹ fẹ́ kó dé?" ni ó wí. "Kí ló wá dé tí ẹ ò gbé e wọ inú ibẹ̀?"

Ìbídùnní la ẹnu láti dáhùn, ṣùgbọ́n Yèyé Mopélọ́lá ti gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. Ó ṣì jókòó sí ẹnu ọ̀nà, kò tíì fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀. "Lámídì," ni ó wí, "ibi tí ohùn dé ni ajíṣẹ́ ń dúró. Bó bá kọjá ibẹ̀, iṣẹ́ wo ni yóò jẹ́?"

Lámídì gbé e lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, àwọn tó ń po kọnkéré gbé e délé, àwọn ìyàwó wọn gbé e lọ sí odò, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo Òkè-Ìrókò ṣe gbà á. Lónìí, bí ẹnì kan bá fẹ́ lọ parí ìjà tọkọtaya láìkọ́kọ́ jókòó gbọ́ tẹnu ọkọ, láìgbọ́ tẹnu ìyàwó, àwọn àgbà á fi òwe yìí dá a dúró. Bí ọ̀dọ́mọdé bá ń sáré láti ran ẹlòmíràn lọ́wọ́, tó sì ti jìnnà sí ẹni tó yẹ kó máa fún òun náà lókun àti ìmọ̀ràn, òwe yìí ni wọ́n fi ń pè é padà. Wọn kò fi ṣẹ̀sín, wọn kò sì fi sọ pé kí ó má lọ. Ohun tí wọ́n ń sọ fún un ni pé kó lọ, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ wá ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti lè gbọ́, kó dúró níbẹ̀, kó fẹsẹ̀ múlẹ̀, nítorí ibi tí ohùn dé ni ajíṣẹ́ ń dúró.